Omi Ibú Àbíyè

Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, 1978.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí mo wà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yàrá mi kò gùn tó ẹni tó dọ̀bálẹ̀. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú òjò, ẹ kú iṣẹ́ odò. Ṣé ara ìyá mi le? Ṣé Ràsáàkì àbúrò mi ti fi ìjà sílẹ̀, àbí ó ṣì ń fi orí kan ènìyàn bí àgbò? Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Tíṣà Isaac tó kọ́ yín ní mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà. Látìgbà tó ti jẹ́ ọwọ́ yín lẹ fi ń kọ lẹ́tà, ọkàn mi balẹ̀ pé kò sí ẹlòmíì tó ń gbọ́ àṣírí wa.

Mo ti kúrò níbi iṣẹ́ tí ẹ mọ̀. Ìsọ̀ ẹja ni mo wà báyìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹja jíjẹ. Àwọn òyìnbó a máa gbé àpótí dígí sí pálọ̀, wọn a da omi sí i, wọn a tan iná sí i, wọn a kó ẹja wẹ́wẹ́ aláràbarà sínú rẹ̀, wọn a wá jókòó máa wò ó. Ọ̀gá mi, bàbá arúgbó kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ní ẹja tí wọ́n ń sìn nínú kòtò omi ti pọ̀ jù lọ́jà, pé ẹni tó bá mú ẹja tuntun wá láti inú odò gan-an ni yóò rọ́wọ́ mú. Mo sọ fún un nípa aláṣọ pupa, ẹja kékeré inú Ibú Àbíyè tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ́n bí epo, tó ní àmì wínníwínní aláró. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní kí n tún un sọ.

Bàbá, ẹ bá mi kó igba aláṣọ pupa. Ẹ̀yin ni olórí apẹja Ìwéré-Ilé, kò sẹ́ni tí yóò bi yín. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń jẹ́ Olúsọjí yóò wá láti Ìbàdàn pẹ̀lú ọ̀rá tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, òun ni yóò kó wọn dé pápá ọkọ̀ òfurufú. Bí èyí bá bọ́ sí i, ọ̀gá ní òun yóò sọ mí di alájọṣe, ìwé ìgbélùú mi yóò sì fìdí múlẹ̀. Bí kò bá bọ́ sí i, ọwọ́ òfo ni mo máa fi wọlé tọ̀ yín wá.

Ọmọ yín,
Mọ́nsúrù

Ìwéré-Ilé,
Ọjọ́ kejì, oṣù Ọ̀kítóbà, 1978.

Mọ́nsúrù Àlàó,

Àlàáfíà Ọlọ́run Ọba kó máa bá ọ gbé. Lẹ́tà rẹ dé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Mo kà á fún ara mi, mo kà á fún ìyá rẹ, mo tún un kà nítorí mo rò pé mo ṣì í kà ni. Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá àìsàn ló ń ṣe àwọn tó ń ra ẹja láìjẹ ẹ́. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀, ẹni tó ń wo ẹja kò ṣẹ̀ mí.

Ìwọ ló ṣẹ̀ mí. Àbí òtútù ti gba Ibú Àbíyè lórí rẹ? Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí odò Ọ̀fíkì gé sí ibú ibú, ọjọ́ kan ṣoṣo la ń ṣí àwọn ibú yòókù, tọkùnrin tobìnrin ìlú á wọ̀ ọ́. Àbíyè nìkan ni a kì í wọ̀. Ibẹ̀ ni ẹja tó kù ń sá sí. Bí òjò bá dé tí omi bá pàdé omi, àwọn ni wọ́n ń jáde lọ kún gbogbo odò padà. Èmi kò bọ òrìṣà kankan níbẹ̀, mùsùlùmí ni mí, òye lásán ni. Bí mo bá gba Àbíyè fún ọ lónìí, kí ni ìlú fẹ́ ṣí lọ́dún tó ń bọ̀?

Gbọ́ èyí tí mo lè ṣe. Mo máa fún ọ ní mẹ́rin, akọ méjì, abo méjì, èmi fúnra mi ni mo máa fi ọwọ́ mú wọn létí omi. Ìyá rẹ kò ní ju àgbébọ̀ adìẹ kan lọ nígbà tó wọlé mi, wo agbo adìẹ rẹ̀ lónìí. O ní wọ́n ń sin ẹja níbẹ̀. Ìwọ náà sìn ín. Má ṣe sọ odò bàbá rẹ di àpótí dígí.

Ràsáàkì kò tíì fi ìjà sílẹ̀. Ó kí ọ.

Bàbá rẹ,
Mùstàfá Ládòkun

Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Ọ̀kítóbà, 1978.

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí ìyá mi. Ẹ má bínú sí ìkọ̀wé mi, ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ ọ́, ọ̀tún wà nínú báńdéèjì. Ọ̀sán Sátidé tó kọjá, àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin kan tí wọ́n fá orí wá sí ìsọ̀ wa. Wọ́n ní kí ènìyàn dúdú máa lọ sílé rẹ̀. Wọ́n ju bíríkì lu àpótí tó tóbi jù, dígí náà fọ́ yángá, omi gbé ẹja dé ojú títì, wọ́n fi bàtà onírin tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń jà pìtìpìtì. Mo gbé ọwọ́ sókè láti dá wọn dúró, ọ̀kan fi ìgò tó fọ́ là á láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Ojú mọ́kànlá ni wọ́n rán an.

Ọ̀gá mi jókòó sínú omi, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ṣa àwọn tó kù. Ìsọ̀ náà ti ń mì. Igba ẹja yẹn nìkan ló lè gbà á, àti èmi.

Ẹ ní kí n sìn ín. Sínsìn yóò gba ọdún kan, n kò ní ọdún kan. Ohun tó tún burú jù ni pé bí akọ àti abo bá dé ọ̀dọ̀ àwọn olówó tó ní kòtò omi ní ilẹ̀ Éṣíà, wọn yóò sìn ín lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, kò sì sẹ́ni tí yóò tún bèèrè odò Ọ̀fíkì mọ́ láéláé. Ẹja wa, èrè tiwọn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ inú odò nìkan ni wọ́n ti lè rí i, Ìwéré-Ilé ni wọn yóò máa wá. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń sá lọ sí Èkó yóò rí nǹkan ṣe nílé. Ẹni tó bá ń jèrè odò ni yóò tọ́jú odò, Bàbá.

Ẹja tí ẹ ń ṣọ́ yìí, ṣé ẹ ṣọ́ èmi bẹ́ẹ̀ rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n di ẹni ìtìjú.

Ọmọ yín,
Mọ́nsúrù

Ìwéré-Ilé,
Ogúnjọ́, oṣù Nòfẹ́ńbà, 1978.

Mọ́nsúrù Àlàó,

Ọlọ́run kó fi àlùbáríkà sí ọwọ́ tí wọ́n là. Ìyá rẹ sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, èmi náà kò jẹun lọ́jọ́ náà. Bí mo bá mọ ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù, mo mọ ohun tí n bá fi kùmọ̀ mi ṣe fún àwọn olórí fífá wọ̀nyẹn.

Ṣùgbọ́n o bú mi. O ní n kò ṣọ́ ọ. Kí lo rò pé a fi rán ọ lọ sí ilé ìwé bí kò ṣe ẹja odò yẹn? Ọ̀rọ̀ tí o sọ nípa èrè dùn létí, mo sọ ọ́ fún Tíṣà Isaac, òun náà ní òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Èmi kò rí òótọ́ náà. Ẹni tó ń jẹ ẹyin kò mọ̀ pé ìdí ń ro adìẹ. Ẹni tó jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù kò lè mọ ìgbà tí ẹja tán.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, bí a ti kírun tán, wọ́n wá pè mí pé àwọn àjèjì márùn-ún wà ní Ibú Àbíyè. Wọ́n ti gún ewé sínú omi, ewé tó ń kun ẹja lóorun, ẹja ti ń léfòó. A kò bi wọ́n léèrè. Mo fi àjẹ̀ lu apá èkíní, mo gbọ́ bí egungun rẹ̀ ti dá. Ràsáàkì fi àdá ṣá èkejì léjìká, ẹ̀jẹ̀ sọ omi di pupa. Mẹ́ta sá lọ, a sì lu méjì tó kù títí wọ́n fi ń pe ìyá wọn. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe bí bàbá mi ti ń ṣe é. Ẹni tó bá ta odò lóògùn ni yóò mu omi náà níwájú ìlú, igbá mẹ́ta, láti ọwọ́ olórí apẹja. Láyé bàbá mi, láyé mi, omi yẹn kò pa ẹnikẹ́ni rí. Ewé náà kò lágbára lára ènìyàn ju inú ṣíṣí lọ. Ìtìjú ló wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ẹni tí a ṣá léjìká sáré wọ igbó kí ìlú tó rẹ́rìn-ín tán.

Ẹja mẹ́rin rẹ ti wà nínú ìkòkò ńlá lẹ́yìn ilé. Ìyá rẹ ń fi ikán bọ́ wọn. Wọ́n ti yé ẹyin sára ìkòkò, akọ àti abo jọ ń ṣọ́ ọ, nígbà tí mo ki ìka bọ̀ ọ́ wọ́n gé mi jẹ. Ta ló sọ fún ọ pé ọdún kan ni yóò gbà? Rán Olúsọjí wá gbé wọn, kí o sì fi Àbíyè sílẹ̀.

Bàbá rẹ,
Mùstàfá Ládòkun

Ìwéré-Ilé,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Dìsẹ́ńbà, 1978.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bùrọ̀dá Mọ́nsúrù,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìnira ọwọ́. Olúsọjí fún mi ní lẹ́tà tí ẹ kọ sí mi, mo sì ti dáná sun ún bí ẹ ti wí. Bàbá kò mọ nǹkan kan.

Mo ti kọ́kọ́ ju àwọ̀n, n kò rí ju mẹ́sàn-án lọ. Abẹ́ òkúta ni aláṣọ pupa ń sá sí. Olúsọjí ló wá mú agolo tí ẹ jọ sọ jáde, oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fọ́n sí oko tábà lápá Ìsẹ́yìn. Ìdérí rẹ̀ kan ṣoṣo la dà sómi. Wọ́n jáde lábẹ́ òkúta bí ọ̀mùtí. A ṣa igba tó ń mí, a kó wọn sí omi mímọ́, ara wọn sọ padà, Olúsọjí kó wọn lọ sí Ìkẹjà lánàá. Èyí tí kò sọ padà pọ̀. Ẹja àrọ̀ kan wà níbẹ̀ tó gùn tó apá mi, ó ń fi orí gbá ilẹ̀, mo ní láti fi òkúta pa á. Mo ri gbogbo wọn mọ́ iyanrìn. Inú mi kò dùn sí i, ẹ̀gbọ́n. Oṣù tó kọjá ni mo ṣá ènìyàn ládàá nítorí omi kan náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín tí wọ́n fi ìgò là kò kúrò lójú mi.

Olúsọjí ní òun yóò padà wá lẹ́yìn ọdún tuntun, pé ọ̀gá yín yóò fẹ́ sí i. Bí wọ́n bá mú mi, ewé ni mo máa pè é, bí ẹ ti kọ́ mi. N kò ní dárúkọ yín, kí ìlú má baà gba oyè lọ́wọ́ Bàbá. Igbá omi mẹ́ta kò pa ènìyàn.

Nǹkan kan ló kù. Àwòrán agbárí òkú wà lára agolo náà. Ẹ bá mi bi ọ̀gá yín bóyá ó lè ṣe ènìyàn ní nǹkan, kí ẹ sì tètè dá mi lóhùn.

Àbúrò yín,
Ràsáàkì

Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Dìsẹ́ńbà, 1978.

Bàbá mi,

Mo kí yín, ṣùgbọ́n ìkíni kò gùn lẹ́nu mi lónìí. Kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ dákun, ẹ sọ fún gbogbo ìlú kí ẹnikẹ́ni má mu omi Ibú Àbíyè, kí wọ́n má sì jẹ ẹja rẹ̀.

Èmi ni mo rán Ràsáàkì. Mo kọ̀wé sí i lẹ́yìn yín. Igba ẹja ti dé ọ̀dọ̀ mi láti ọjọ́ karùn-ún oṣù yìí. Ọ̀gá mi rí wọn, ó rẹ́rìn-ín, mo rò pé ayé mi ti dára. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yí po lójú kan, wọ́n ń forí sọ dígí títí ẹnu wọn fi bó. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, kò ku ọ̀kan. Ẹja mìíràn tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ sìn nínú àpótí ẹ̀yìn ilé kò ṣàìsàn rárá, wọ́n ń wẹ̀ kiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú àwọn tiwa. Ó la ikùn ọ̀kan, ó wò ó, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní oògùn kòkòrò ni wọ́n fi mú wọn. Ó fi igi àwọ̀n gbá mi lójú, ó ní òun ní kí n mú ẹja odò wá, òun kò ní kí n pa odò. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ mú nínú odò, kó fi ọwọ́ mú díẹ̀, kó sì sin ìyókù. Ohun tí ẹ kọ sí mi gan-an ló sọ. Ó lé mi síta lọ́jọ́ náà.

Lẹ́tà Ràsáàkì dé ní ọjọ́ kẹrìndínlógún. Ó bi mí bóyá oògùn náà lè ṣe ènìyàn ní nǹkan. Mo ti mọ èsì rẹ̀, ọ̀gá ti sọ pé ṣíbí kan rẹ̀ lè pa àgbàlagbà. Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí lọ́jọ́ kejì, mo fà á ya. Mo tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Kérésì, mo fà á ya. Ojú yín ni mò ń rò. Mo kọ̀wé sí Olúsọjí pé kó má padà lọ, kò dá mi lóhùn.

Bàbá, bí wọ́n bá mú Ràsáàkì, yóò sọ pé ewé ni. Èmi ni mo kọ́ ọ. Kì í ṣe ewé. Ẹ má jẹ́ kó mu ún.

Ọmọ yín,
Mọ́nsúrù

Ìwéré-Ilé,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Jánúárì, 1979.

Mọ́nsúrù,

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Ajé tó kọjá. Nígbà tó fi dé, ó ti pé ọjọ́ mẹ́tàlá tí a sin Ràsáàkì.

Mo máa sọ ọ́ bó ti rí, torí pé kò sí ẹlòmíì tí yóò sọ ọ́ fún ọ bó ti rí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì ọdún tuntun, àwọn obìnrin tó ń fọ ẹ̀gẹ́ nísàlẹ̀ odò, níbi tí omi ṣì ti ń ṣàn díẹ̀, rí ẹja tó ń sún bọ̀, inú wọn lókè. Àwọn ọ̀dọ́ sáré lọ sí Àbíyè. Wọ́n bá àbúrò rẹ àti Olúsọjí nínú omi. Olúsọjí sá wọ mọ́tò, òkò fọ́ dígí mọ́ ọn lójú, ó fi ojú ẹlẹ́jẹ̀ wa ọkọ̀ lọ, ó fi Ràsáàkì sílẹ̀. Àwọn tó lu Ràsáàkì ni àwọn tí wọ́n jọ ja ìjà oṣù Nòfẹ́ńbà. Wọ́n fi igi lù ú, eyín rẹ̀ méjì jáde, ètè rẹ̀ là. Wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, wọ́n wọ́ ọ gba àárín ọjà dé iwájú ilé mi. Wọ́n ní olórí apẹja, dá ẹjọ́ rẹ̀.

Mo bi í pé, "Kí lo dà sómi?"

Ó ní, "Ewé ni, Bàbá."

Mo ní, "Ta ló rán ọ?"

Ó tún ní ewé ni. Ojú tì mí, inú sì bí mi, ìbínú ló pọ̀ jù. Wọ́n ti fi kèǹgbè bu omi náà wá. Ó funfun bí omidùn. Mo gbọ́ òórùn kan, mo rò pé ẹja tó ti ń rà ni. Àwọn àgbà ní kí ẹlòmíì gbé igbá náà, pé bàbá kì í ṣe èyí fún ọmọ. Mo kọ̀. Mo fẹ́ kí ìlú rí i pé n kò ṣègbè. Èmi fúnra mi ni mo gbé igbá sí ètè rẹ̀ tó là. Ó mu èkíní. Ó mu èkejì, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ní, "Bàbá, ó tó." Mo ní ó ku ọ̀kan. Ó yí ojú kúrò. Mo gbá a létí, Mọ́nsúrù. Ó mu ẹ̀kẹta.

N kò tíì gbé igbá náà kalẹ̀ tó fi ṣubú. Ìfóófòó bo ẹnu rẹ̀, ó ń ta ẹsẹ̀ bí àgbò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dú. Ó gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ. A gbé e sáré lọ sí díspẹ́ńsárì. Nọ́ọ̀sì Mojọlá bi mí pé kí ló mu. Mo ní ewé ni. Ó tún bi mí, mo tún ní ewé ni, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú u. Ewé ló ń tọ́jú títí àbúrò rẹ fi kú, ní àkókò ìrun Àsárì. Lẹ́yìn ìsìnkú ni wọ́n rí agolo náà nínú koríko, pẹ̀lú agbárí òkú lára rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n dà tán.

Ṣé kò sí wáyà ní Lọ́ńdọ̀nù ni? O mọ̀ ní ọjọ́ kẹrìndínlógún. Ká ní o fi gbólóhùn kan péré ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ìbá ti dé ọwọ́ mi kí ọdún tó yí. A kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn. O ní ojú mi lò ń rò. Ojú tèmi náà ni mò ń rò nígbà tí mo gbé igbá. Ìwọ lo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, èmi ni mo gbé e. N kò lè dá ọ lẹ́bi kí n dá ara mi láre.

Àwọn ọlọ́pàá ti wá, mo sọ fún wọn pé èmi ni mo fún un mu. Wọ́n ní àṣà ni, kò sẹ́ni tó mọ̀, wọ́n bá mi kẹ́dùn, wọ́n lọ. Àwọn àgbà ní kí n má fi oyè sílẹ̀. Mo ti fi í sílẹ̀. Kò tilẹ̀ sí ẹja tí olórí apẹja yóò ṣọ́. Ìlú kò mọ̀ pé ìwọ lo rán an, n kò sì ní sọ.

Ìyá rẹ jókòó níwájú mi bí mo ti ń kọ èyí. Ó mọ̀ pé lẹ́tà rẹ dé, ó ní kí n kà á fún òun. Mo ka ìkíni, mo fo ìyókù. Ó ní kí n kọ ọ́ sí ọ pé kí o má sunkún jù, pé ìwọ nìkan ló kù fún òun. Ó ní òun mọ̀ pé ká ní o wà nílé lọ́jọ́ náà, ò bá ti gba igbá náà lọ́wọ́ mi. Mo kọ ọ́ bó ti sọ ọ́.

Èmi ni,
Mùstàfá Ládòkun,
Bàbá Ràsáàkì